Ẹni Tó Wọlé Tí Kò Ra Nǹkan

Inú máa ń tètè bí mi. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ni tó máa jiyàn èyí. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé àwọn èèyàn ń wọ ìsọ̀ tí mo ṣí fún ìyá mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń jáde láìfọwọ́ kan ọjà kankan, fóònù ni mo ń bá jà. Mò ń bi í léèrè pé ta ló tiẹ̀ ránṣẹ́ pè wọ́n tẹ́lẹ̀.

Tùràrí, làálì àti tìróò ni ìyá mi ń tà. Wọ́n ní ìsọ̀ l'Ọ́jà Ọba kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n mọ tùràrí í pò débi pé àwọn èèyàn máa ń ti Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá rà á, àwọn ìyàwó tuntun àdúgbò wa ò sì jẹ́ lọ ra làálì níbòmíràn. Orúnkún ló dá wọn dúró. Dókítà ní kí wọ́n má jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ́, kí wọ́n má sì máa fi Màrúwá gba inú gbogbo kòtò ojú ọ̀nà wa lójoojúmọ́. A kó ẹrù wálé. Gbogbo ilé ń ta sánsán, ṣùgbọ́n ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹnì kan bá kọjá, wọ́n á kí i títí yóò fi rìn jìnnà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ábújá ní kí wọ́n kúkú fi ọjà sílẹ̀, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ti ṣètò yàrá kan fún wọn, ó ra ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Mi ò lè bú u, ọmọ tó fẹ́ tọ́jú ìyá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Ẹni tó ti ń bá èèyàn ná ọjà láti kékeré, tí o bá gbé e sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìlú tí kò ti mọ ẹnì kan, o ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi fúnra wọn sọ ọ́ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọn ò gbójú sókè.

"Bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Mi ò fẹ́ lọ jókòó kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá mi bí adìẹ inú àgò."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo fẹ́ ṣí ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó fi gbèdéke sí i. Tí ọjà náà ò bá gbérí kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé, òun ń bọ̀ wá mú ìyá òun lọ, kí n má sì bá òun jà o. Mo ní mi ò ní bá a jà. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Ọkùnrin kan tí a jọ ń kọ́ni nílé ìwé ló bá mi ṣe ìkànnì náà. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń ṣe wẹ́bsáìtì fún àwọn oníṣòwò tí iṣẹ́ ìjọba bá ti parí. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ni mò ń pè é. Àǹtí Oníbìínú lòun ń pè mí, tó bá ti rí i pé mo jìnnà díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó ya tùràrí nínú ìgò, ó ya làálì nínú ọ̀rá, ó kọ iye owó sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á tẹ̀ ẹ́, ó parí.

Mo gbé e fún ìyá mi wò. Wọ́n wò ó títí, wọ́n yí fóònù sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n wá ní àwọn rí ọjà àwọn, ṣùgbọ́n níbo làwọn gan-an wà níbẹ̀? Mo ní báwo? Wọ́n ní ta ni yóò kí àwọn tó bá wọlé? Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rín in.

"Àlejò á wọ ìsọ̀ mi, kò ní gbọ́ 'ẹ káàbọ̀', iye owó ni yóò kọ́kọ́ rí? Ta ló kọ́ ẹ nírú ìyẹn?"

Òótọ́ ni, èèyàn kì í ya wọ ìsọ̀ àgbàlagbà l'Ọ́jà Ọba kó kàn nawọ́ mú ọjà. Wàá sálámà, wọ́n á dá ẹ lóhùn. Wọ́n á béèrè ará ilé rẹ, wàá fèsì. Wọ́n á ṣàdúà fún ẹ, wàá ṣàmín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọjà tó kàn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nídìí ìsọ̀ yẹn nìyẹn, èmi gan-an ò sì ní gbà kí ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi.

A wá gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun alásàrí. Mo rò pé gbólóhùn kan péré ni wọ́n máa sọ. Ìyá mi kọ́kọ́ wọlé lọ pààrọ̀ ìbòrí. Mo ní ohùn nìkan là ń gbà o, kì í ṣe àwòrán. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n sálámà. Wọ́n ní ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, nítorí àwọn ò mọ ìgbà tí oníbàárà máa wọlé. Wọ́n béèrè ará ilé, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè iṣẹ́, lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wọ́n á sì dákẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ lè ráyè fèsì. Lẹ́yìn náà ni àdúà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún aboyún, fún onírìn-àjò, fún ẹni tó ń wá iṣẹ́, fún ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n wá fi àlùbáríkà dì í.

Mo ní kí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ṣe é kí ohùn náà máa jáde fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti ṣí ìkànnì. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, Àǹtí, ó gùn díẹ̀. Mo ní kó dìde kó lọ sọ fún ìyá mi. Kò lọ. Ó fi í síbẹ̀ bó ṣe wà.

Lálaalẹ́, bí wọ́n bá ti kírun mọ̀gàríbì tán, ìyá mi á béèrè bóyá èèyàn wọlé. Màá ní wọ́n wọlé. Wọ́n á ní kí ni wọ́n rà? Màá ní wọn ò tíì rà. Kì í ṣe irọ́ ni mò ń pa. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ti fi ibì kan hàn mí lórí fóònù tó ń sọ iye ẹni tó wọlé, ìgbà tí wọ́n wọlé àti ibi tí wọ́n dé. Èèyàn ń wọlé dáadáa, nítorí àwọn oníbàárà àtijọ́ ti bá wa fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sínú gbogbo ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù wọn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni kì í kọjá ojú ewé àkọ́kọ́. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ní bounce rate ni òyìnbó ń pè é, pé tiwa ti pọ̀ jù, pé a gbọ́dọ̀ dín in kù. Ìyá mi ní kí ni ìyẹn? Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní háà, àwọn ayọjú-lọ nìyẹn, wọ́n wà lọ́jà náà. Bí orúkọ yẹn ṣe mọ́ wa lẹ́nu nìyẹn.

Ìyá mi ti mọ ohun tó ń lé àwọn ayọjú-lọ. Wọ́n ní a ò kí wọn tó. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn gbàgbé ẹnì kan nínú àdúà. A tún gba ohùn sílẹ̀, wọ́n fi àwọn tó ń kọ́lé kún un, wọ́n fi àwọn tí ọkọ wọn wà lókè òkun kún un. Àwọn ayọjú-lọ ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní ká tún un gbà, wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń wa ọkọ̀ kún un. Àfi bíi kéèyàn máa bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ tó ti níyọ̀ jù.

Èmi náà ní àwọn tí mò ń bú. Mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo bú àwòrán, mo ní ó ṣókùnkùn, mo lọ tún un yà nínú oòrùn àárọ̀. Mo bú Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà nínú ọ́fíìsì àwọn tíṣà, lójú gbogbo èèyàn, mo ní bóyá ilé ìjọsìn tí èèyàn kì í ti í rajà ló ń ṣe wẹ́bsáìtì fún tẹ́lẹ̀. Kò bá mi jà. Ó dín ìwọ̀n àwọn àwòrán kù kí ìkànnì lè tètè ṣí, ó gbé ibi tí wọ́n ti ń rajà sókè kó lè hàn. Ìyẹn náà ò yanjú rẹ̀. Ó wá sọ ohun kan tó ń ya òun lẹ́nu. Ó ní àwọn èèyàn yìí kì í sáré jáde o. Wọ́n ń pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n kàn ń dúró ni, wọn kì í tẹ nǹkan kan, wọ́n á sì lọ. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé àràárọ̀ ni wọ́n ń wá, tí wọn ò sì tíì ra ẹyọ tìróò kan. Mo ní kí ni wọ́n wá ń ṣe níbẹ̀, ṣé wọ́n ń ṣọ́ wa ni? Ó ní òun ò mọ̀.

Báǹkì kan ní àdúgbò Post Office ni mo ti wá mọ̀. Mo tò sórí ìlà, ìlà náà ò sì kúrò lójú kan. Obìnrin tó wà níwájú mi yíjú padà, ó ní irú tùràrí wo ni mo fi sí aṣọ mi lára tó ń ta sánsán báyìí. Inú mi dùn. Mo ní ìyá mi ló ń pò ó, mo júwe ìkànnì fún un, ó sì ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ohùn ìyá mi bú jáde láti inú fóònù rẹ̀, ó ń sálámà sí gbogbo báǹkì. Obìnrin náà dáhùn. Bàbá kan lẹ́yìn wa dáhùn. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹnu ọ̀nà náà dáhùn. Ìyá mi ń kí i, ó ń fèsì, ó ń sọ pé dáadáa làwọn ọmọ wà, mà. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti tẹ orúnkún díẹ̀ lórí ìlà. Fóònù ló ń kúnlẹ̀ fún. Nígbà tó kan àdúà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń ṣàmín.

Mo nawọ́ sí fóònù náà, mo ní kó tẹ ibí, kó rí àwọn ọjà náà. Ó wò mí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.

"Àgbàlagbà ń ṣàdúà fún mi, kí n wá máa wo ọjà?"

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò. Ìyá mi ń bá a lọ, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ó ti kan obìnrin náà láti lọ síwájú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú, ó ju fóònù sínú báàgì. Ó ní àdúà ìyá mi dùn, kí n bá òun kí wọn, òun máa padà wá rà á tóun bá ráyè. Ó lọ sídìí káńtà. Mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Gbogbo èébú tí mo ti ń bú àwọn ayọjú-lọ! Ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọn ò lè kọ ẹ̀yìn sí ìyá mi kí wọ́n máa rajà, wọn ò sì ráyè dúró mọ́ tí ìyá mi bá kí wọn tán.

Ó wá ku ẹni tó máa sọ ọ́ fún ìyá mi. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ní òun ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn, pé ìyá èmi ni. Ààwẹ̀ ti ń sún mọ́lé. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè, ó béèrè bí ọjà ṣe ń lọ, mo sì sọ̀rọ̀ òjò fún un. Mo mọ̀ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí náà mo rọra jókòó ti ìyá mi lọ́jọ́ Jímọ̀ tí inú wọn dùn, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí, láti orí ìlà báǹkì dé ibi àmín.

Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ṣé àdúà àwọn ló wá ń lé èèyàn? Mo ní kì í lé wọn, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un ni, àmọ́ tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún un tán, àyè ọjà ti lọ.

"Nígbà tí mo wà lọ́jà, mo máa ń wo ojú èèyàn. Mo máa ń mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́. Yọ ọ́ kúrò."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣàlùwàlá. Àkókò ìrun kankan ò tíì tó. Ó dùn mí gan-an, mi ò purọ́. Inú bí mi sí ara mi, inú bí mi sí fóònù, inú tiẹ̀ bí mi sí obìnrin báǹkì tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà yọ ohùn náà. Kò pẹ́ rárá tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ẹni tó bá wọlé á wo tùràrí, á bọ́ sídìí làálì, á rà á. Mò ń di ẹrù lọ́sàn-án, mò ń gbé e fún àwọn awakọ̀ ní Ọ̀fà Garage kí wọ́n bá mi mú un dé Ìbàdàn, dé Èkó. Kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ábújá, ó ní òun ti gbọ́, kí ìyá òun máa ṣòwò wọn, òun ò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo kígbe ayọ̀ nínú yàrá mi.

Ìyá mi ní a dúpẹ́. Wọ́n ń po tùràrí, wọ́n ń wọ̀n ọ́n sínú ìgò, wọ́n ń dé e. Ṣùgbọ́n wọn ò béèrè mọ́ lálẹ́ pé ta ló wọlé. Èmi ni mò ń lọ sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó wá yé mi pé Ábújá tí mò ń sá fún, mo ti gbé e wá bá wọn nílé.

Ibi tí a ti ń di ẹrù lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni fóònù mi, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìkànnì, dún. Ohùn obìnrin ni, n kò mọ̀ ọ́n. Ó kí mi kú ìdárò. Ó ní òun ṣí ìkànnì wa, òun ò gbọ́ nǹkan kan, òun rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, àfi ìgbà tí òun ṣí i títí tó jẹ́ ọjà nìkan lòun ń rí. Ó ní kí Ọlọ́run fi àlùjánnà onídẹ̀ra kẹ́ Àlájà, kó má jẹ́ kí àwa ọmọ rí àṣìṣe lẹ́yìn wọn. Orí mi gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ta ló kú? Ta ló sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kú nílé wa? Ìyá mi gbójú sókè, wọ́n ní ta ni yẹn. Mo ní ẹnì kan ló ń kí mi kú ọ̀fọ̀ yín. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba fóònù.

"Èmi náà nìyí. Mi ò tíì kú."

Mo ń gbọ́ bí obìnrin náà ṣe bú sẹ́kún lódìkejì. Ìyá mi dúró tì í títí ó fi sọkún tán. Ó ní nọ́ọ̀sì lòun, pé nínú ọkọ̀ tó ń gbé òun lọ síbi iṣẹ́ lòun ti máa ń ṣí ìkànnì náà láràárọ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú pé òun ò ra nǹkan kan rí. Ìyá mi, oníṣòwò, ní kí ló dé tí kò fi rà?

"Màmá, ìyá tèmi ti kú. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣàdúà fún mi kí n tó wọṣẹ́."

Ìyá mi fi etí ìbòrí nu ojú. Wọn ò sọ fún un pé fóònù ló ń sọ̀rọ̀ láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, pé kì í ṣe òun nìkan ló ń gbọ́ ọ. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n béèrè ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n béèrè iye ọmọ tó bí àti èyí tí ara rẹ̀ ò yá nínú wọn. Obìnrin náà ń sọ ọ́, ìyá mi ń dá a lóhùn, mo sì ń di ẹrù lọ nítèmi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. Mo ní kó ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ohùn ìyá mi, kó má fi ọjà kankan síbẹ̀, kó fi nọ́ńbà fóònù wọn sísàlẹ̀. Ó ní ọjà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ dáadáa ni, ojú ewé yẹn máa ba gbogbo ìṣirò wa jẹ́, pé kò sí ẹni tó máa wọ ibẹ̀ tí kò ní jáde láìra nǹkan kan. Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n máa jáde.